Tòmátì mi ga, ewé kún un bámúbámú, kò so. Àbí èmi ni mi ò jẹ́ kó sinmi?

Ewé_Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin olóko. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá, ọ̀kan jẹ́ ti tòmátì, èkejì kì í ṣe ti tòmátì rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ mi débi pé mi ò mọ bí mo ṣe lè yà wọ́n mọ́, ẹ ṣáà fara dà á.

Tòmátì márùn-ún ni mo gbìn sẹ́yìn ilé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá báyìí tí mo ti ṣí wọn kúrò nínú ike lọ sínú ilẹ̀. Wọ́n ti ga dé èjìká mi, igi wọn ki bí àtàǹpàkò, ewé wọn dúdú mìnìjọ̀, ẹni tó bá wò wọ́n lókèèrè á ní ọwọ́ mi mọ oko. Òdòdó ńkọ́? Ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré ló yọ látìgbà yẹn, ó sì já bọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo kọ́kọ́ fi sí ìdí wọn, mi ò jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo kàn dà á síbẹ̀ ni, nígbà tí mi ò rí òdòdó mo fi ajílẹ̀ urea kún un, síbí kan fún ìkọ̀ọ̀kan, nígbà tí mi ò tún rí nǹkan kan mo tún fi síbí mìíràn kún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi àárọ̀, omi ìrọ̀lẹ́. Kí ló tún kù tí mi ò tíì fún wọn?

Ó yá, ìbéèrè kejì. Obìnrin trans ni mí, ọkùnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi, oṣù kẹrìnlá rèé tí mo ti ń lo estrogen, oògùn họ́mọ̀nù tó ń mú ara dà bíi ti obìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó tètè bú mi ká lè padà sórí tòmátì. Láràárọ̀, kí n tó jáde lọ wo oko, iwájú dígí ni mo kọ́kọ́ ń dúró sí. Mo ní téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn èèyàn, màá fi wọn àyà mi, màá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, màá ya fọ́tò, màá wá fi fọ́tò òní wé ti àná. Ti àná o! Kí ló fẹ́ yí padà láàárín àná sí òní? Lẹ́yìn náà ni màá jáde, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé tòmátì níkọ̀ọ̀kan bóyá òdòdó fara pamọ́ síbì kan. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí tòmátì kẹta, nǹkan kan ń gbá ewé, mo wò ó, téèpù ni, ó ṣì wà lọ́rùn mi, mo gbàgbé láti mú un kúrò. Mo jókòó sórí erùpẹ̀ níbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún, mo ṣe méjèèjì.

Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn ṣá. Kí n tó gbin tòmátì yìí, ẹ̀wà mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ gbìn, ojoojúmọ́ ni mò ń fi ìka wú ilẹ̀ wò bóyá ó ti hù. Ọ̀kan ti hù lóòótọ́, gbòǹgbò funfun kan, tín-ín-rín bí òwú, ó kán sí mi lọ́wọ́. Mẹ́ta péré ló jáde nínú mẹ́wàá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí gan-an nìyí. Lóṣù tó kọjá mo rí ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi, ara rẹ̀ ti yí ju tèmi lọ fíìfíì. Mo bá ń lo oògùn mi ní ìlọ́po méjì. Ọjọ́ mọ́kànlá. Mi ò sọ fún dókítà. Mo ti dá a dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń yún mi.

Ọmọ aládùúgbò kan wà, á tó ọmọ ọdún méje, orí ògiri ló máa ń jókòó sí tó bá ń wò mí. Nígbà kan Bọ̀dá ló ń pè mí, ní báyìí kò pè mí ní nǹkan kan mọ́, "ẹ káàárọ̀" á kàn dúró síbẹ̀, kò ní sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà. Mo ti gbọ́ ọ tó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ọwọ́ mi á máa ṣe nígbà tí mo bá ń ṣe sùúrù ọ̀hún.

Baba_Alájílẹ̀:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Jẹ́ ká mú ti tòmátì ná, torí ìyẹn ni mo mọ̀.

Kò sí nǹkan tó kù tí o ò tíì fún wọn. O ti fún wọn jù ni. Ìgbẹ́ adìyẹ, pàápàá tó bá ṣì tutù, nitrogen ló kún inú ẹ̀. Urea ńkọ́, nínú kílò 100 ẹ̀, kílò 46 ló jẹ́ nitrogen, kò sí phosphorus níbẹ̀, kò sí potassium. Ewé sì ni nitrogen ń bá ṣiṣẹ́ jù. Igi tó bá rí i jẹ yó kò níṣòro kankan láyé, ṣe ló máa máa ga, á máa pa ewé, ta ló fẹ́ so? Òdòdó kan tó já yẹn, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nitrogen yìí náà, ó sì lè jẹ́ ooru, torí tí ooru ọ̀sán bá ti lé ní nǹkan bíi 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius, tí òru náà ò sì tutù, òdòdó tòmátì máa ń já kó tó di èso.

Má fi nǹkan kan sí i mọ́. Mi ò ní kí o dín in kù o, mo ní má fi nǹkan kan sí i rárá. Da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ìyókù urea lè wọlẹ̀ kọjá gbòǹgbò, lẹ́yìn náà dá omi àárọ̀ omi ìrọ̀lẹ́ yẹn dúró. Ti ìka ẹ bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì, tó bá tutù níbẹ̀, padà sínú ilé. Tó bá gbẹ, bomi rin ín kó mu ún yó. Omi ségesège ló ń jẹ́ kí ìdí èso dúdú kó sì rà, àwọn èèyàn á ní àrùn ni, wọ́n á lọ ra oògùn, kì í ṣe àrùn, calcium ni ò rí omi gbé e dé inú èso. Kó ewé gbígbẹ bo ìdí ẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó ń yọ ní kọ̀rọ̀ láàárín igi àti ẹ̀ka, gé ti ìsàlẹ̀ kúrò, má gé gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tí òdòdó bá dé, fi ìka ta ọrùn ẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ láàárọ̀, akọ àti abo wà nínú òdòdó tòmátì kan náà, kó ṣáà ti mì díẹ̀, á ṣe tiẹ̀. Láti òdòdó dé èso pípọ́n á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

O ní kí ni ọwọ́ ẹ á máa ṣe. Dá ààtàn sílẹ̀. Mi ò fi ṣeré o. Ewé gbígbẹ, koríko tútù, èèpo nǹkan láti ilé ìdáná, kó gbogbo ẹ̀ jọ síkọ̀rọ̀ kan, wọ́n omi díẹ̀ sí i, máa fi fọ́ọ̀kì yí i. Inú ẹ̀ á gbóná débi pé tí o bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ wàá fà á yọ kíá. Ìyẹn lo lè máa tú wò bó ṣe wù ẹ́, lójoojúmọ́ pàápàá, kò ní kú. Ohun tó yẹ ká máa tú wà, ohun tí ò yẹ ká tú wà, má fi ọwọ́ kan náà ṣe méjèèjì.

Ti ìbéèrè kejì, mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, bíi síbí urea kejì ló ṣe dún létí mi.

Ohùn_Kejì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ewé_Tuntun. Ọkùnrin trans ni mí, ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lórí testosterone, họ́mọ̀nù ti ọkùnrin, ọ̀rọ̀ téèpù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín torí èmi náà ní tèmi, irùngbọ̀n ni mò ń kà. Mò ń kà á o, níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná fóònù. Nígbà tí ọdún kìíní parí, mọ́kànlá ni.

Baba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n bá a parí ẹ̀. Ìlọ́po méjì kì í mú ara yára. Họ́mọ̀nù tó bá ti tó, iṣẹ́ tó ń ṣe ló ń ṣe yẹn, ìyókù kàn ń da ara láàmú ni. Lọ́dọ̀ àwa tá à ń lo testosterone, tó bá pọ̀ jù, ara a máa sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ di estrogen, ẹ gbọ́ o, ohun téèyàn ń sá fún gan-an, ẹ̀jẹ̀ a sì tún máa ki. Lọ́dọ̀ ẹ̀yin tó ń lo estrogen, ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń ba àwọn dókítà lẹ́rù jù, nínú ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó bá tún wá ń mu sìgá, tiẹ̀ tún le sí i. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín, tàbí tí èémí ń há, ẹ má wá kọ ọ́ síbí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ọjọ́ mọ́kànlá ni, ẹ má sọ ọ́ di mẹ́ta. Wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí ni wọ́n ń wá?

Ti àkókò wàyí. Àyà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 sí 6, ó sì lè gba ọdún 2 sí 3 kó tó dé ibi tó máa dé. Ọ̀rá tó ń ṣí kúrò níbì kan lára lọ síbòmíràn, ọdún 2 sí 5. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóṣù kẹrìnlá, ẹ lè má tíì dé agbedeméjì. Ti ohùn yàtọ̀, estrogen ò lè yí ohùn padà, ìdánrawò ni, tẹ́ ẹ bá ń dúró kó yí fúnra ẹ̀ ẹ máa dúró pẹ́. Tiwa a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo láàárín oṣù 3 sí 12, tèmi bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Irùngbọ̀n lè gba ọdún 4 sí 5. Ẹni tẹ́ ẹ rí yẹn, ara tí bàbá àti ìyá ẹ̀ bí mọ́ ọn ló ń lò, tiyín lẹ̀ ń lò.

Lọ́dún kejì mi mo gbin elégédé. Ó yọ òdòdó, yẹ́lò ńláńlá, inú mi dùn, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹ̀ ń rọ tó ń já, kò sí èso kankan. Mo bínú, mo fà á tu. Àṣé akọ ni gbogbo òdòdó yẹn, elégédé, akọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, abo á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn, ẹ máa dá a mọ̀ torí bọ́ọ̀lù kékeré kan máa wà lábẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí mo fà á tu tán tí mo nà án sílẹ̀ ni mo wá rí bọ́ọ̀lù méjì níbi tí ewé bò, kò tóbi ju èékánná lọ. Mo gbé e padà sínú ilẹ̀, mo bomi rin ín, mo fi ewé ṣíji bò ó, ó kú náà ni. Mi ò lè sọ fún yín bó ṣe dùn mí tó, nítorí elégédé lásán.

Fọ́tò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, aṣọ kan náà. Téèpù, ẹ fún ẹlòmíràn kó bá yín tọ́jú ẹ̀. Èmi gbé dígí kékeré mi fún ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù mẹ́fà.

Ojú_Abẹ:

Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Obìnrin trans ni èmi náà, ọdún kẹsàn-án, ó ti sú mi kí wọ́n máa fi wá wé labalábá, kí wọ́n máa fi wá wé irúgbìn, kí wọ́n máa fi wá wé òdòdó. Tòmátì ò ní bàbá tó ń pè é lórúkọ àtijọ́ níwájú àlejò. Tòmátì ò tò sórí ìlà fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó fojú kan dókítà. Kò sẹ́ni tó ń kọjá níwájú tòmátì tó ń béèrè sókè pé "kí tún nìyí?" Ewé_Tuntun ní sùúrù ni òun ò ní. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ ká máa wọn ara wa láàárọ̀, ẹ̀rù wà nínú ẹ̀, torí bí ojú títì ṣe máa wò ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ló ń pinnu bí ọjọ́ yẹn ṣe máa rí, wàá kọ́kọ́ fi ojú wọn wo ara ẹ kí wọ́n tó wò ẹ́. Ká máa sọ fún ẹni tẹ́rù ń bà pé kó ní sùúrù, ìyẹn kọ́ ni oògùn ẹ̀.

Ohun kan sì tún wà. Tí tòmátì bá kọ̀ tí ò so, a ó fà á tu, a ó gbin òmíràn tásìkò bá yí. Ara kọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan la gbìn ín. Torí náà mo wà lẹ́yìn wọn lórí ọ̀rọ̀ oògùn, ọjọ́ mọ́kànlá yẹn bí mi nínú gan-an, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bínú sí àbúrò ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé tòmátì ló kọ́ mi.

Ìbẹ́pẹ_Mẹ́ta:

Ojú_Abẹ, ẹ rọra jàre. Ẹ ti gbàgbé ìbẹ́pẹ? Oríṣi mẹ́ta ni, akọ wà, abo wà, èyí tó ní méjèèjì nínú òdòdó kan náà sì wà. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ wo ewé ẹ̀ kẹ́ ẹ mọ èyí tó jẹ́, àfi tó bá yọ òdòdó, ìdí nìyẹn táwọn olóko fi máa ń gbin mẹ́ta mẹ́rin sójú kan, tí wọ́n á wá yọ èyí tí wọn ò fẹ́ lẹ́yìn náà. Akọ tiẹ̀ wà tí ojú ọjọ́ á yí padà fún un tó máa so èso. Ìbẹ́pẹ akọ, ó so! Ẹ wá sọ fún mi pé igi ò mọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ojú_Abẹ:

Ìbẹ́pẹ kú iṣẹ́. Mi ò pe ẹlẹ́rìí. Ká ní ìbẹ́pẹ akọ kan ò yí rí láyé yìí, èmi ṣì ni èmi.

(Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín o.)

Ìyá_Aláta:

Ewé_Tuntun ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Mo ka gbogbo ẹ̀ lóru, n ò lè sùn kí n má kọ nǹkan kan.

Lọ́dún kan mo gbin ata sínú ike mẹ́fà, mo kọ "rodo" sára pátákó pẹlẹbẹ kan, mo fi gún ìdí ẹ̀. Ewé ata, nígbà tó bá ṣì kéré, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó lè wò ó kó mọ̀. Nígbà tó wá so, mo rí i tó ń gùn. Mo ní hà, rodo mi ń ṣàìsàn. Mo ra oògùn kòkòrò, mo fọ́n ọn, mo ń bá ọkọ mi jà pé omi ọṣẹ ló ń dà síbẹ̀, mo gé àwọn tó gùn jù dànù kí ìyókù lè rí roboto. Ó tó oṣù kan kí n tó gbà pé tàtàṣé ni. Tàtàṣé tó dá ṣáṣá, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Èmi ni mo kọ ohun tí kì í ṣe orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí mo ń ròyìn ẹ̀ tí mò ń fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀, ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní "Màámi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ?" Kò sọ nǹkan míì. Ó ti tó ọdún kan nígbà yẹn tó ti sọ fún wa pé ọkùnrin ni òun, témi ń wá oògùn kiri fún un. Dókítà kan ló tún wá là mí lójú lẹ́yìn ẹ̀, ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an ti yọ ọ̀rọ̀ jíjẹ́ trans kúrò lábẹ́ àrùn ọpọlọ nínú ìwé ńlá tí wọ́n to àrùn sí, ICD-11, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2019, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Bàbá ẹ̀ ní tiẹ̀ ń pòwe, ó ní ilá kì í ga ju ẹni tó gbìn ín lọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ ga jù yín lọ níbí, ọmọ yìí ní ká pe òun lórúkọ ni.

Èdè wa sì bá mi gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. "Ó" la fi ń pe ọkùnrin, "ó" la fi ń pe obìnrin, àbúrò ni àbúrò, ọmọ ni ọmọ, èèyàn lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kó má ṣi ẹnu. Orúkọ ló há mi lọ́fun. Odindi oṣù mẹ́rin, mi ò pè é lórúkọ àtijọ́, mi ò pè é ní tuntun, "ìwọ yìí" ni mò ń pè é. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa ni, àṣé ó ń kíyè sí i, ó ń kà á bó ṣe ń ka oúnjẹ. Ó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé "ìwọ yìí" yẹn dun òun ju èébú lọ.

Torí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ ọmọ orí ògiri yẹn. "Ẹ káàárọ̀" tí ò ní nǹkan lẹ́yìn yẹn, "ìwọ yìí" tèmi ni. Ọmọ yẹn ò bú ẹ, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe ni, ó ń dúró kí ẹnìkan sọ fún un. Sọ fún un, jàre.

Ewé_Tuntun (ọjọ́ kẹfà):

Ẹ ṣeun o. Mi ò lè dáhùn níkọ̀ọ̀kan, mo ti ka ti màmá tó ìgbà mẹ́rin.

Mo lọ. Mo sọ pé mọ́kànlá. Dókítà ò pariwo, ó kàn gbé bírò sílẹ̀, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní nínú mọ́kànlá yẹn, mi ò retí ìbéèrè yẹn, mo sunkún. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Èsì ti dé, kò sí ewu, ó ní kí n máa lo iye tó kọ fún mi, kí n padà wá lóṣù kẹta. Ojú_Abẹ, ẹ̀rù ni lóòótọ́. Ọjọ́ kìíní ọ̀hún, ẹnìkan ló bi mí nǹkan nínú bọ́ọ̀sì, mi ò ní tún un sọ síbí.

Téèpù wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó kọ́kọ́ rò pé aṣọ ni mo fẹ́ kó rán fún mi.

Baba, mo ti dá ààtàn sílẹ̀. Kò tíì gbóná. Mo ti yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ṣé ó pọ̀ jù?

Baba_Alájílẹ̀:

Ó pọ̀ jù fún ààtàn, kò pọ̀ jù fún ẹ. Máa yí i. Tí ò bá gbóná lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, koríko tútù ló kù sí i, ewé gbígbẹ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ewé_Tuntun (ọ̀sẹ̀ karùn-ún):

Mo padà wá.

Mo sọ fún ọmọ yẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Mo dúró nídìí ògiri, mo ní "Àǹtí lo lè máa pè mí." Ó ronú díẹ̀, ó ní "Ṣé títí lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, mo gbọ́ ọ tó ń sáré lọ. Fún bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ kò gun ògiri mọ́, mo ti ń sọ fún ara mi pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé.

Àárọ̀ àná, mo wà nídìí ààtàn (ó ti gbóná o, Baba, èéfín ń jáde lára ẹ̀ láàárọ̀), mo gbọ́ igbe lórí ògiri, "Àǹtí, yẹ́lò! Yẹ́lò ti yọ síbí!" Mo ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo sáré lọ. Tòmátì kẹta, níbi tó ga, ibi tí mi ò kì í wò torí ìsàlẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Òdòdó márùn-ún. Nǹkan bí òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tiẹ̀ ti wà níbi tí òdòdó kan ti rọ, kò tó ẹyọ ẹ̀wà. Èmi àtọmọ náà dúró, à ń wò ó, ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kàn án, mo ní rárá, lẹ́yìn náà mo rántí ohun tí Baba sọ, mo ní ó yá, fi ìka ta ọrùn òdòdó yẹn pẹ́ẹ́.

Ìgbà tí mo wọlé tí mò ń fọ ọwọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó pè mí. Mo pa omi ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ òní méjì ti já nínú òdòdó márùn-ún yẹn. Mẹ́ta ṣì wà, àti èyí tó ti so. Ìbéèrè mi rèé: ẹ̀ka tó so yẹn, ó wà lára àwọn ẹ̀ka kọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ní kí n máa gé, mi ò rí i lókè níbẹ̀, ó ti gùn tó apá mi, ó sì ti ń tẹ̀. Ṣé kí n gé e?

Baba_Alájílẹ̀:

Má gé e. Wá ọ̀pá fi gbé e ró, fi aṣọ rírọ̀ so ó, má so ó le.